Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ló dákẹ́: ohun tí mo rí nídìí kọ̀ǹpútà àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké

Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ló máa ń pè mí tí kọ̀ǹpútà wọn bá ń ṣe ségesège, àwọn tí apá wọn ò ká a láti gba onímọ̀ kọ̀ǹpútà tiwọn síṣẹ́, ọ́fíìsì olóṣìṣẹ́ mẹ́ta, mẹ́wàá, nígbà míì ọ̀gá àti akọ̀wé ẹ̀ nìkan. Mo ti bá wọn so ráútà, mo ti bá wọn to íméèlì, mo sì ti jókòó ti àgbàlagbà tó ń sunkún torí pé owó tó fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ gba ojú íméèlì lọ. Torí ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ eléyìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tójú wọn rí, kò gba owó gọbọi láti dènà ẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sọ ọ́ fún wọn ni. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o, mo sì máa yí nǹkan díẹ̀díẹ̀ padà kí wọ́n má bàa dá wọn mọ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ọ̀gá máa ń sọ fún mi: "Kí ni wọ́n fẹ́ wá jí lọ́dọ̀ wa? Ṣé àwa náà tó ẹni tí wọ́n ń wá ni?" Ó jọ ọ̀rọ̀ gidi, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olè yìí ò tiẹ̀ mọ orúkọ yín rárá. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n tú síta, tó ń ti orí àdírẹ́sì kan bọ́ sórí òmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, bí ẹni tó ń ti gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò wò, èyí tó bá ṣí ló máa wọlé sí, ìgbà tó bá wọlé tán ló tó ń wò ó pé ilé ta lòún wà yìí. Ìgbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹni tí ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹ̀yin kàn wà lójú ọ̀nà ni. Lọ́dún 2013 tí wọ́n jí nọ́ńbà káàdì ìsanwó bíi mílíọ̀nù 40 lọ́dọ̀ Target, ilé ìtajà ńlá kan l'Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan tó ń bá Target bójú tó ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n gbà wọlé, páswọ́ọ̀dù tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jí. Mo ti fi ìtàn yìí pa ọ̀pọ̀ ọ̀gá lẹ́nu mọ́.

Èyí tó kọ́kọ́ là mí lójú ni ti ilé iṣẹ́ kan tó ń ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ó ti pẹ́ tí àwọn àti ẹni tó ń tà fún wọn ti jọ ń ṣe é, orí íméèlì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ń gbà. Ló bá di ọjọ́ kan, íméèlì wọlé pé àwọn ti pààrọ̀ báǹkì, kí wọ́n jọ̀ọ́ san owó tó kàn sí nọ́ńbà àkáǹtì tuntun yìí. Kì í kúkú ṣe íméèlì tó ṣàdédé já lulẹ̀, ìdáhùn ni, abẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń bá bọ̀ ló wà, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ síra wọn ló tò sísàlẹ̀ ẹ̀, iye owó pé, nọ́ńbà invoice pé, orúkọ ẹni tó máa ń kọ̀wé sí wọn wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ tún béèrè bóyá ara ọmọ ọ̀gá ti yá, torí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àìsàn yẹn nínú íméèlì tó ṣáájú. Akáǹtáǹtì sanwó. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni àwọn tó lọjà pè pé, ẹ jọ̀ọ́, owó wa dà?

Wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá kọ̀ǹpútà akáǹtáǹtì ti kó fáírọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti ń fura sí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ ẹ̀, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, kò lè gbójú sókè. Mo fi antivirus tú kọ̀ǹpútà ẹ̀ wò láti òkè délẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Èyí sì tún wá dá kún wàhálà ọmọ náà, torí ojú tí ọ̀gá fi wò ó ni pé, ṣé ẹ rí i, kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan, òun ló ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ inú àpótí íméèlì ni olè wà, kò ní nǹkan kan ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ibì kan wà nínú settings íméèlì tí wọ́n ń pè ní Rules, ibi téèyàn ti lè ní kí íméèlì kan máa lọ sí fódà kan fúnra ẹ̀. Mo ṣí i. Rule kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọn ò fún un lórúkọ, àmì ìdánudúró kan báyìí ni wọ́n tẹ̀ síbi tó yẹ kí orúkọ wà, tó o bá rí i wàá rò pé eruku ló lẹ̀ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń ṣe ni pé íméèlì èyíkéyìí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè òkun yẹn wá, kó sàmì sí i pé wọ́n ti kà á, kó gbé e lọ sínú fódà RSS Feeds. Fódà kan tó máa ń bá íméèlì wá fúnra ẹ̀ ni, ta ló ń ṣí i láyé yìí? Mo ṣí i. Gbogbo íméèlì òdodo ló tò sílẹ̀ níbẹ̀, "Ẹ kú iṣẹ́, a ò tíì gbúròó yín", "Ṣé ẹ rí invoice wa?", "Ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì rówó", wọ́n tò tẹ̀léra wọn, kò sẹ́ni tó ṣí wọn rí.

Àdírẹ́sì tí íméèlì ẹ̀tàn yẹn ti wá ńkọ́? Mo gbé e sójú fóònù ọ̀gá, mo ní kí wọ́n bá mi wò ó dáadáa. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan tó yí padà. Mo fi ìka méjì fà á kó tóbi. Lẹ́tà "m" tó wà nínú orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn, "r" àti "n" ni wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ti ara wọn. Lórí fóònù, rn àti m ò yàtọ̀ síra wọn rárá. Ọ̀gá wò ó títí, wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n yíjú sí ọmọbìnrin yẹn, wọ́n ní "Má bínú." Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì.

Mo wá bá ọmọ náà jókòó, àwa méjèèjì nìkan. Mo ní kò rántí ìgbà kankan tí nǹkan ṣe é ní kàyéfì? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Wọ́n fi íméèlì kan ránṣẹ́ sí mi nígbà kan pé wọ́n fi fáìlì ṣọwọ́ sí mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n fi páswọ́ọ̀dù íméèlì mi wọlé, mo fi í, ojú ìwé yẹn kàn ṣẹ́jú báyìí, ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kò gbé fáìlì kankan jáde. Ara fu mí sà." Mo ní kí ló wá dé tó ò sọ fún ẹnikẹ́ni? Ó ní, "Ẹni tó sọ irú ẹ̀ ṣáájú, iwájú gbogbo wa ni wọ́n ti pè é ní òpè. Wọ́n tún ní àwọn máa yọ owó kọ̀ǹpútà nínú owó oṣù ẹ̀."

Èmi gan-an ò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ tó tẹ páswọ́ọ̀dù yẹn sí ọjọ́ tí owó lọ, ọ̀sẹ̀ ló wà láàárín wọn, kì í ṣe wákàtí. Olè yẹn fara balẹ̀ ka íméèlì wọn, ó mọ bí wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn, ó mọ ọjọ́ tí owó ńlá máa jáde, ó sì dúró dè é. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn pátá, ẹnì kan wà nínú ọ́fíìsì yẹn tó mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀. Látìgbà yẹn, ilé iṣẹ́ tí mo bá wọ̀ tí nǹkan ti bàjẹ́, mo máa ń wá ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí mi ò ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ síbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kó sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Tí olè bá ti wọnú íméèlì yín, ẹ má rò pé tẹ́ ẹ bá ti yí páswọ́ọ̀dù padà ó tán. Ó lè ṣì wà nínú ilé, torí ibi tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ fún un, bó ṣe jẹ́ pé ẹ̀yin náà kì í tẹ páswọ́ọ̀dù lójoojúmọ́ lórí fóònù yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń lé gbogbo ẹ̀rọ jáde nínú àkáǹtì, ẹ lé gbogbo wọn jáde. Ẹ wo Rules, ẹ wo forwarding, torí ó lè ti ní kí ẹ̀dà gbogbo íméèlì yín máa wá bá òun níta. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù àti íméèlì tí wọ́n fi ń gba àkáǹtì padà, bóyá ó ti fi tiẹ̀ sí i. Ẹ wo àwọn app tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ìyẹn tán ni kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ti lé e. Tó bá sì jẹ́ pé owó ti jáde, ẹ má pe èmi, báǹkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ òru, torí irú owó yẹn kì í pẹ́ níbi tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí, wọ́n á ti pín in kiri. Ti àwọn tí mò ń sọ yìí, ó ti pẹ́ jù. Owó yẹn ò padà wá.

Ohun tí wọ́n wá fi ṣe òfin lẹ́yìn ẹ̀, mo ti gbé e lọ sí gbogbo ibi tí mo ń lọ: ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ti yí nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ gbé fóònù, ẹ pè é, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ohùn ẹ̀, nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín àtijọ́ ni kẹ́ ẹ fi pè é o, kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀ íméèlì tó wá, torí olè náà lè kọ nọ́ńbà tiẹ̀ síbẹ̀. Pé òun ló pè ẹ́ tó o sì gbọ́ ohùn ẹ̀ ò tó, ìwọ ni kó o pè é, torí ayé ti dé ibi tí kọ̀ǹpútà ń sín ohùn èèyàn jẹ. Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú tó. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ kánjúkánjú jù, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọ́fíìsì ìṣirò owó kan pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn yìí fọkàn balẹ̀ ní tiwọn, wọ́n ní àwọn ní backup, ìyẹn ẹ̀dà fáìlì tí wọ́n tọ́jú pamọ́. Wọ́n fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn kan lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé, ẹni tó bá wọn tò ó wá ṣí Remote Desktop, ohun tó ń jẹ́ kéèyàn lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ọ̀nà jíjìn, sílẹ̀ gbayawu sórí íntánẹ́ẹ̀tì, port 3389, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tó ń gbà, páswọ́ọ̀dù ẹ̀ ò ju orúkọ ilé iṣẹ́ àti 123 lọ. Port yẹn wà lára ilẹ̀kùn tí àwọn ètò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan máa ń tì wò jù. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wọlé, wọ́n fẹ́ràn òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n mọ̀ pé kò ní sẹ́nì kankan. Nígbà tí wọ́n máa fi dé lọ́jọ́ Ajé, gbogbo orúkọ fáìlì ti hu ìrù tí kò ní tẹ́lẹ̀, kò sí èyí tó ṣeé ṣí, ìwé kan sì wà lójú desktop pé ẹ sanwó kẹ́ ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Ransomware nìyẹn.

Háàdì dísìkì tí wọ́n fi ń ṣe backup ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, ara sáfà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń kó fáìlì sí, ló so mọ́, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, olè tó wọ sáfà wọ òun náà. Ẹ̀dà tí Windows fúnra ẹ̀ máa ń tọ́jú pamọ́, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ pa rẹ́. Ti orí cloud, ìyẹn ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wá ńkọ́? Cloud yẹn, ohun tó bá wà nílẹ̀ ló ń dà kọ, fáìlì tó bàjẹ́ lọ́fíìsì ti bàjẹ́ lọ́hùn-ún náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibẹ̀ la ti rí díẹ̀ gbà ṣá, torí cloud náà ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ fáìlì kọ̀ọ̀kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn padà sẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó ń mú orí fọ́ni. Ohun tó gbà wọ́n gan-an ni láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó ń lò ó lọ fún ìsinmi, kò sí lórí iná, kò sí lórí Wáì-Fáì, ẹ̀dà ìwé ìṣirò tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ sì wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí nígbà tí mo rí láptọ́ọ̀pù yẹn, torí ìtàn Maersk ló wá sí mi lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ńlá ni Maersk, lóṣù kẹfà ọdún 2017 tí fáírọ́ọ̀sì NotPetya jà, èyí tó gba inú update, ìyẹn àtúnṣe tuntun, ètò ìṣirò owó kan ní Ukraine wọlé, ó nu gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń ṣètò orúkọ àti àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọn káàkiri ayé. Ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù, ní Ghana, torí pé iná lọ níbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó dé, kọ̀ǹpútà yẹn ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò lágbára tó láti fi gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ránṣẹ́, ẹni kan gbé háàdì dísìkì wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, ìyẹn ló gbé e dé London. Ilé iṣẹ́ tó tó yẹn o! Iná tó lọ ló yọ wọ́n. Ẹ̀yin ẹ má retí kí iná lọ o, ẹ fọwọ́ ara yín yọ wáyà.

Ohun tí mo ń sọ fún wọn nísinsìnyí ò lọ́jú pọ̀: kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, kí wọ́n wà lórí oríṣi nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan jìnnà sí ọ́fíìsì. Èmi fi tèmi kún un pé kí ọ̀kan nínú wọn wà tí páswọ́ọ̀dù ojoojúmọ́ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Code Spaces, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn, ní backup lọ́dún 2014, abẹ́ àkáǹtì cloud kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà, ẹni tó jí àkáǹtì yẹn pa fáìlì rẹ́, ó pa backup rẹ́, ilé iṣẹ́ yẹn ò sì gbérí mọ́, ó ti ilẹ̀kùn pa.

Ẹ sì dán an wò! Mo ti dé ibi tí backup ti ń kọ "ó ti yọrí sí rere" fún ìgbà pípẹ́, a wá ṣí i, fódà òfìfo ni wọ́n ti ń dà kọ látìgbà tí wọ́n ti gbé fáìlì wọn lọ síbòmíì. Ẹ mú fáìlì kan tí ẹ̀ ń lò, ẹ fà á jáde látinú backup sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ kà á. Kẹ́ ẹ tún wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó jáde, torí ibòmíì wà tí backup wọn dáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ púpọ̀ ló máa gbà kí gbogbo ẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ látorí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́sítọ́mà ò sì ní dúró dè yín.

Ọ́fíìsì ìṣirò owó yìí náà, nígbà tí ọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn tẹ̀lé mi jáde. Ó ní òun lòun gbẹ̀yìn lọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ó ní ojú òun báyìí ni orúkọ fáìlì ń yí padà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíì, òun rò pé ohun tí òun dáúnlóòdù lọ́sàn-án ló fà á, òun bá pa ojú kọ̀ǹpútà dé, òun lọ sílé. Kò sùn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo wò ó, àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi, méjèèjì pọ̀. Ká ní ó fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì yọ lára sáfà nígbà tó rí i yẹn, bóyá ìdajì àwọn fáìlì yẹn ì bá ṣẹ́ kù. Ká ní ó ní ẹni tó lè pè.

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ohun àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ fa wáyà yọ, ẹ pa Wáì-Fáì, kí kọ̀ǹpútà tó ti kó o má rí àwọn yòókù mọ́. Ẹ má ṣe format nǹkan kan, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ má nu ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò. Ẹ má pa àwọn fáìlì tí wọ́n ti tì rẹ́, ẹ kó wọn síbì kan, torí nígbà míì àwọn ọlọ́pàá máa ń rí kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ àwọn olè yìí lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní No More Ransom, Europol, àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, àti ọlọ́pàá Netherlands wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2016, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè wò ó bóyá kọ́kọ́rọ́ tiyín wà níbẹ̀. Ti àwọn yìí ò sí. Ní ti kéèyàn san owó fún wọn, èmi ò fara mọ́ ọn, olè lẹ̀ ń bá dòwò, kò sì sóhun tó ní kó má gba owó kó tún sá lọ.

Ọ̀rọ̀ update náà, kí n má pẹ́ lórí ẹ̀. Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá fún un yé mi, update ti da iṣẹ́ ẹlòmíì rú rí. Àmọ́ fáírọ́ọ̀sì WannaCry tó jà lóṣù karùn-ún ọdún 2017, tó dá ilé ìwòsàn dúró ní Ìlú Ọba, oṣù kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde. Oògùn ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Ẹni tó bá sì ṣì ń lo Windows 10, ẹ rántí pé Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó máa ń wá déédéé dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025.

Èyí tó tún kàn, kò sí olè kankan nínú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan jí lọ́jọ́ kan, íméèlì ò wọlé mọ́, wẹ́ẹ́bù wọn ti lọ. Wọ́n ní wọ́n ti gbógun tì wọ́n. Mo wò ó, owó domain, ìyẹn orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kò sẹ́ni tó san. Ọmọ tó bá wọn kọ́ wẹ́ẹ́bù yẹn, orúkọ ara ẹ̀ ló fi rà á, íméèlì ara ẹ̀ ni ìkìlọ̀ ń lọ sí, ó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn tipẹ́, ìjà sì ló fi kúrò. Wọ́n wá a lọ, wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti gbogbo oníbàárà mi, tá a máa kọ ọ́ sílẹ̀: domain, orúkọ ta ni? Àkáǹtì tó ń pàṣẹ fún gbogbo íméèlì, ọwọ́ ta ló wà? Ráútà ńkọ́, ṣé admin àti admin ṣì ni páswọ́ọ̀dù ẹ̀? Ojú ìwé Facebook ilé iṣẹ́, ta ló lè wọ̀ ọ́? Kóòdù tó ń wá sórí fóònù, fóònù ta ni? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń mú wọn wo ara wọn lójú, torí ó ti ṣẹlẹ̀ pé fóònù ẹni tí wọ́n lé lọ lóṣù tó kọjá ni kóòdù ṣì ń wọlé sí.

Páswọ́ọ̀dù náà gba sùúrù. Ibi tí wọ́n bá ti ń fipá mú òṣìṣẹ́ yí i padà lóṣooṣù, mo ti mọ ohun tí mo máa bá nísàlẹ̀ keyboard, ìwé pélébé tí wọ́n kọ ọ́ sí, tí wọ́n kàn ń yí nọ́ńbà ìparí ẹ̀. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ lórí irú nǹkan báyìí, ti sọ látọdún 2017 pé kí wọ́n má fipá yí i mọ́ àyàfi tó bá dájú pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kó gùn ló ṣe pàtàkì. Mo máa ń fi password manager, ètò tó ń bá èèyàn tọ́jú páswọ́ọ̀dù, sí i fún wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tiẹ̀, ká má jọ lo ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀ kejì, ìyẹn kóòdù téèyàn máa fi kún páswọ́ọ̀dù kó tó wọlé, kóòdù látinú app ló dáa ju ti SMS lọ torí wọ́n lè gba SIM yín mọ́ yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ SMS nìkan lẹ ní, ẹ lò ó. Kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún òṣìṣẹ́ pé tí fóònù bá ṣàdédé ń bi wọ́n pé "ṣé ìwọ lò ń wọlé yìí?" tí wọn ò sì wọlé síbì kankan, kí wọ́n má tẹ bẹ́ẹ̀ ni torí kó lè jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ohun tó ṣe Uber, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi app ẹ̀ pe takisí, lọ́dún 2022 nìyẹn.

Gbogbo ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe pàtàkì tó pé ẹni tó kọ́kọ́ rí i ò gbọdọ̀ dákẹ́. Nítorí náà kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà nísinsìnyí, ọ̀gá ni mo máa ń bá sọ̀rọ̀. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé ẹni tó bá tẹ ohun tí kò yẹ, tó sì sọ ọ́ kíá, a ò ní bú u, a ò ní yọ kọ́bọ̀ nínú owó ẹ̀. Ó máa ń le fún wọn láti sọ. Màmá kan tó ni ilé iṣẹ́ bá mi jà sí i gan-an, wọ́n ní "Ṣé kí n wá máa kí wọn kú iṣẹ́ pé wọ́n gbé olè wọlé ni?" Mo ní rárá mà, ẹ kàn má pariwo lé wọn lórí ni. Wọ́n sọ ọ́ tipátipá, ojú wọn le koko bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́.

Nígbà tó yá, akọ̀wé wọn pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. "Bọ̀dá, mo ti tẹ páswọ́ọ̀dù mi síbi tí kò yẹ, kò tíì pẹ́ rárá." Mo ní kó wọlé ká jọ ṣe é, a lé gbogbo ẹ̀rọ jáde, a yí páswọ́ọ̀dù, a wo Rules. Rule ti wà níbẹ̀! Láàárín àkókò tí kò tó kéèyàn jẹun tán, wọ́n ti kọ rule. A pa á rẹ́, a sì pe àwọn tó ń sanwó fún ilé iṣẹ́ yẹn pé kí wọ́n má dá íméèlì àkáǹtì tuntun kankan lóhùn. Nǹkan kan ò sọnù. Màmá gbọ́, wọ́n kùn, wọ́n kùn, wọ́n ní àwọn ọmọ òde òní ò lójú, ṣùgbọ́n wọn ò pariwo.

Àwọn kan máa ń ní kí n bá wọn fi íméèlì ẹ̀tàn dán òṣìṣẹ́ wò, kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Mi ò ṣe irú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ògiri lónìí, bóyá ló máa gbé fóònù pè mí lọ́la.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ṣì ti ń le fún mi jù báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá fúnra wọn ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ á ti gba ìgbésẹ̀ kejì, ọ̀gá á ní kí n yọ tòun kúrò, pé ó ń da òun láàmú, òun ò ráyè kóòdù. Bẹ́ẹ̀ àkáǹtì ọ̀gá ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n sanwó. Ọ̀kan ṣì wà tá a jọ ń fà á títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Wọ́n ti gbà pé kí n fi sórí íméèlì, wọn ò tíì gbà kí n fi sórí àkáǹtì tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́. Mo ti sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa padà wá lórí ẹ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀, pé àwọn ò ní sí ńlé.